Bíà Ọkà Bàbà Láti Oko Wa: Bí A Ṣe Ń Pọn Ọ́n Nílé Ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá fẹ́ pọn bíà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó wá ń wá báálì (ọkà tí àwọn òyìnbó fi ń pọn bíà) àti hops (òdòdó tó ń mú bíà korò) kiri, ti ṣìnà kó tó dáná rárá. Báálì kì í hù lóko wa. Ọkà bàbà ló ń hù níbí, láti Ìkòyí-Ilé dé Ìrẹsà-Adú, òun náà sì ni àwọn ìyá wa ń fi pọn ọtí kí ẹnikẹ́ni tó mọ bíà onígò. Àwọn tó ń sọ ìtàn ìlú yìí ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe àlejò nílé Sòún Ògúnlọlá, nígbà tí àwọn tó tẹ ìlú dó bá kóra jọ síbẹ̀ láti gbèrò.

Lọ́dún 1988 tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó báálì wọlé, àwọn iléeṣẹ́ ọlọ́tí ńláńlá náà yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní láti ra ẹ́ńsáìmù, ohun tó ń sọ sítáàṣì ọkà di ṣúgà, láti òkè òkun kí ọkà tútù náà tó lè di ọtí fún wọn. Àwa tá a fẹ́ pọn lítà 20 nílé kò nílò ìyẹn. Inú ọkà náà ni ẹ́ńsáìmù wà bá a bá jẹ́ kó hù dáadáa, tá ò sì fi iná pa á. Ọ̀rọ̀ híhù àti ọ̀rọ̀ iná yìí ló máa ń ba ọtí jẹ́, nítorí náà ibẹ̀ ni màá pẹ́ sí jù.

Ohun tẹ́ ẹ nílò kò pọ̀: ìkòkò ìrin tí kì í dípẹtà, tó gba lítà 30, bọ́kẹ́ẹ̀tì onídérí méjì tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, tẹmómítà, ìwọ̀n, aṣọ tá a fi ń sẹ́ ògì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Yíyan ọkà

Ìgbà tó dáa jù láti ra ọkà ni ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè rẹ̀, láti oṣù kọkànlá títí wọ inú ọyẹ́. Ẹ rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, lọ́nà Oríire tàbí Súrùlérè. Bí kò bá ṣeé ṣe, àwọn tó ń ta ọkà ní Sábó máa ń ní in. Ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á. Èkíní: ṣé ọkà jíjẹ ni àbí irúgbìn? Wọ́n máa ń fi oògùn aláwọ̀ pupa tàbí aláwọ̀ ewé ra irúgbìn. Májèlé ni, fífọ̀ kò sì lè bọ́ ọ tán. Èkejì: oògùn wo ni wọ́n fi lé kòkòrò nínú àpò? Bí ọlọ́jà bá ń wò yín bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́, ẹ kọjá síwájú.

Kẹ́ ẹ tó ra púpọ̀, ẹ ra ife kan lọ sílé. Ẹ ka hóró 100, ẹ dì í sínú aṣọ tútù fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá hù, ọkà gidi nìyẹn. Bí kò bá tó 80, ẹ fi ṣe ògì bàbà. Hóró tó ti kú kì í mú ọtí jáde, ńṣe ló máa ń jẹrà láàárín àwọn tó ń hù, tó sì ń kó bá wọn.

Ọkà pupa máa ń fún ọtí ní àwọ̀ tó wuyì, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ahọ́n kákò bó bá pọ̀ jù. Funfun rọ̀ lẹ́nu, àwọ̀ rẹ̀ kò sì pọ́n. Èmi fẹ́ràn kílò 5 funfun mọ́ kílò 2 pupa. Kílò 7 ni gbogbo rẹ̀, ẹ sì fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, torí kóńgò ọlọ́jà kan kì í bá ti ẹnì kejì mu, pàápàá èyí tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọ inú.

Rírẹ àti híhù

Ẹ ṣa òkúta àti ìdọ̀tí kúrò, ẹ fọ ọkà náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kẹ́ ẹ wá rẹ ẹ́ fún wákàtí 24. Ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fi í sílẹ̀ láìsí omi fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ tó bu òmíràn sí i. Ohun alààyè ni ọkà, ó ń mí. Bí omi bá bò ó mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, á kú sínú rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Omi tẹ́ ẹ dà nù yẹn, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kó lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ tẹ́ ẹ ti fọ̀, tẹ́ ẹ sì ti sè nínú omi gbígbóná, sí iyàrá tí oòrùn kò dé. Ẹ da ọkà lé e, kó nípọn tó ìka mẹ́ta tá a gbé lé ara wọn. Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó mọ́ bò ó. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ ṣí i, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ yí i po kí gbòǹgbò wọn má bàa so kọ́ra. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀: bó bá ti ń gbóná, ẹ tẹ́ ẹ fẹ̀ sí i. Bí ọkà bá ń hù, ara rẹ̀ máa ń mú ooru wá, ooru yẹn ló sì ń bí ìdíbàjẹ́.

Ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin ni ó sábà máa ń tó. Nínú ọyẹ́, ó lè di ìkarùn-ún. Bí ẹ̀hù rẹ̀ bá ti gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ dá a dúró. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ewé ló ń fi oúnjẹ inú rẹ̀ ṣe, kì í ṣe ọtí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń rí irun funfun kéékèèké lára gbòǹgbò, wọ́n á sì rò pé ó ti bu. Irun gbòǹgbò nìyẹn, kò burú. Èyí tó burú ni nǹkan dúdú, aláwọ̀ ewé tàbí eléérú tó bá hù lórí hóró, tó sì ń rùn bí iyàrá tí wọ́n tì pa. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má ṣà á. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Májèlé tó wà nínú irú ọkà bẹ́ẹ̀ kì í kú sínú omi híhó.

Sísá, àti ẹ̀hù tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ

Èyí ni ohun tí ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tí àwọn oníbáálì kọ kò ní sọ fún yín. Ohun kan wà nínú ẹ̀hù àti gbòǹgbò ọkà bàbà tó máa ń di sáyánáìdì, irú májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹ ọkà híhù náà ní tútù, ẹ má sì dà á fún ewúrẹ́ tàbí adìyẹ. Bó bá gbẹ, a óò gbo ẹ̀hù àti gbòǹgbò rẹ̀ dànù, sísè tá a máa sè é lẹ́yìn náà á sì lé èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Ẹ sá a sínú oòrùn lórí tapólì tó mọ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ máa yí i. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa máa ń sá èlùbọ́ sórí títì ọlọ́dà. Ẹ má sá èyí síbẹ̀: èéfín mọ́tò wà níbẹ̀, ọ̀dà títì sì máa ń gbóná kọjá ohun tí ẹ́ńsáìmù lè fara dà. Ooru rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 50 °C lọ. Nítorí ìdí kan náà ni a kì í fi í yan án nínú agbada gàrí kó lè yára gbẹ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọtí yín pọ́n dúdú, ẹ yọ ìdajì kílò sọ́tọ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, kẹ́ ẹ yan ìyẹn nìkan. Àwọ̀ àti òórùn dídùn ni yóò fún yín; ẹ má retí agbára lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí hóró bá ń dún kẹ́ lẹ́yín, ó ti gbẹ. Ẹ dà á sínú àpò, ẹ gbo ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ wá fẹ́ ẹ nínú atẹ́gùn. Èyí tó fò lọ, ẹ sun ún tàbí kẹ́ ẹ bò ó mọ́lẹ̀ sínú oko. Kílò 7 á ti di nǹkan bíi kílò 5 ààbọ̀. Kílò 5 ni a máa lò.

Ẹ gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ nǹkan gbígbẹ, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ẹ ní kí onítọ̀hún tú ọwọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rún là ń wá, bí oúnjẹ adìyẹ. Bó bá kúnná bí ìyẹ̀fun, sísẹ́ rẹ̀ á sú yín.

Omi òkè àti omi ìsàlẹ̀

Báálì ni ìdí tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ní ká da ọkà lílọ̀ sínú omi gbígbóná 65 °C, ká sì bò ó. Sítáàṣì inú báálì máa ń rọ̀ níwọ̀n ooru bẹ́ẹ̀. Ti ọkà bàbà le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń fẹ́ ooru tó tó 70 °C àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rọ̀, bó bá sì fi máa rọ̀, ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó sọ ọ́ di ṣúgà ti kú. Ìṣòro náà nìyí. Ojútùú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń pọn ọtí ọkà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tipẹ́: wọ́n máa ń ya omi òkè sọ́tọ̀ kí wọ́n tó gbé ìsàlẹ̀ kaná. Omi òkè yẹn ni ẹ́ńsáìmù yọ́ sí. Ẹni tó bá dà á nù, tàbí tó bá sè é, omi ọkà lásán ló ń sè.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ bu lítà 18 omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bí 40 °C, sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi kànga náà dáa bẹ́ ẹ bá ti sè é tẹ́lẹ̀. Omi ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó sùn kó jí kí òórùn oògùn rẹ̀ lè fò lọ. Ẹ da kílò 5 ọkà lílọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó kó má bàa di kókó. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ọkà á rì, omi tó ní àwọ̀ wàrà díẹ̀ á gòkè. Bó bá pẹ́ kó tó tòrò, ẹ bu omi ilá díẹ̀ sí i. Àwọn tó ń pọn dolo, ọtí ọkà bàbà, ní Burkina Faso máa ń lo nǹkan yíyọ̀ bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ yìí kan náà.

Ẹ rọra bu omi òkè, lítà 8 tàbí 9, sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì. Ẹ bò ó, ẹ gbé e jìnnà sí iná.

Èyí tó kù nísàlẹ̀, ẹ kó o sínú ìkòkò, ẹ gbé e kaná, kẹ́ ẹ sì máa rò ó láìdúró. Á ki, á sì fẹ́ jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹ bu omi gbígbóná lítà 2 sí i nígbà tó bá ki jù. Ó gbọ́dọ̀ hó fún ìṣẹ́jú 45, ó kéré tán. Ní ti ìdáná, pòròpórò ọkà àti ṣùkù àgbàdo tó gbẹ máa ń jó dáadáa fún sísè yìí, wọn kì í sì í wọ́n lóko lẹ́yìn ìkórè. Ẹ má fi èèpo kájú dáná. Mo mọ̀ pé ó pọ̀ ní ìlú yìí, ṣùgbọ́n òróró inú rẹ̀ máa ń ta ara àti ojú, èéfín rẹ̀ náà kò dáa.

Ibi tí ẹ ti máa fara balẹ̀ jù rèé. Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀, kẹ́ ẹ máa bu ti gbígbóná sínú ti tútù, ṣíbí gbọọrọ kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ máa rò ó, tẹmómítà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe é lódì, tẹ́ ẹ da tútù sínú gbígbóná, ẹ́ńsáìmù àkọ́kọ́ tó bá wọlé á kú lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ ẹ ti ń bù ú, ooru á máa gòkè díẹ̀díẹ̀: 45, 55, 60. Ní 65 °C, ẹ dúró. Bí ti gbígbóná bá ṣì kù nínú ìkòkò, ẹ jẹ́ kó tutù sí 65 kẹ́ ẹ tó dà á pọ̀. Ẹ dé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì wé e, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí méjì.

Ẹ máa tọ́ ọ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, adùn ẹ̀kọ ni. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti ń dùn bí ẹni pé wọ́n fi oyin sí i, ó sì ti ṣàn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí tó ju ahọ́n lọ, kó ra áyódìnì ní ilé oògùn, kó kán ẹ̀kán kan sórí omi díẹ̀ nínú àwo funfun. Bó bá di dúdú aláwọ̀ aró, sítáàṣì ṣì wà. Bí àwọ̀ áyódìnì kò bá yí padà, iṣẹ́ ti parí. Ẹ da omi inú àwo yẹn nù.

Sísẹ́ àti sísè

Ẹ sẹ́ ẹ bí ẹ ṣe ń sẹ́ ògì. Báálì ní èèpo tó ń jẹ́ kí omi ráyè kọjá. Ọkà bàbà kò ní in. Bó bá ń dí, ẹ fi èèpo ìrẹsì tẹ́ ẹ ti fọ̀, tẹ́ ẹ sì ti sè, lú u. Ẹ fi omi gbígbóná lítà 6 ṣan èérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo omi tó jáde á sún mọ́ lítà 22 tàbí 23. Èérí tó kù ti jinná, ó dáa fún ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ fún wọn. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan.

Ẹ gbé omi náà kaná, kó hó fún wákàtí kan. Àsìkò yìí ni kíkorò ń wọ inú rẹ̀. Àwa ní ewúro àti orógbó, méjèèjì sì ni àwọn onímọ̀ nílẹ̀ yìí ti yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí àrọ́pò hops. Ewúro tútù máa ń mú òórùn ewé bá ọtí, nítorí náà ẹ sá a sábẹ́ ibòji títí á fi gbẹ, ẹ má sì fọ kíkorò rẹ̀ dànù bí ẹni fẹ́ fi se ọbẹ̀. Gíráàmù 20 ewé gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orógbó méjì tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́, nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 45. Èyí kò ní pọ̀ jù fún ẹni tó ń mu ọtí tó korò. Ẹ lè fi kún un nígbà mìíràn. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi èèpo ọsàn tútù díẹ̀ tàbí atalẹ̀ tẹ́ ẹ rin sí i. Atare? Hóró mẹ́wàá ti tó. Ó máa ń gba gbogbo ẹnu bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ dé ìkòkò náà, ẹ gbé e sínú ọpọ́n omi tútù, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi ọpọ́n náà títí ti inú ìkòkò á fi wá sílẹ̀ sí 28 °C. Omi tẹ́ ẹ pààrọ̀, ẹ fi fọ abọ́. Bẹ́ ẹ bá ní haidirómítà (ohun èlò tá a fi ń mọ bí ṣúgà inú omi ọtí ṣe pọ̀ tó), ó yẹ kó fi nǹkan bíi 1.040 sí 1.048 hàn.

Ìwúkàrà

Láti ìgbà tí ìkòkò ti tutù yìí, ohunkóhun tó bá kan ọtí gbọ́dọ̀ mọ́ kọjá ojú lásán. Ṣíbí oúnjẹ kan bílíìsì nínú lítà 4 omi, ẹ rẹ gbogbo ohun èlò sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ fi omi tẹ́ ẹ ti sè ṣan án dáadáa.

Ìwúkàrà (yíìsì) wo ni ká lò? Ẹmu ní tirẹ̀ nínú, *Saccharomyces cerevisiae* kan náà tí àwọn oníbíà ń rà nínú páálí. Ife kan ẹmu àárọ̀ tó kún fún ìfófòó á bá yín ṣe iṣẹ́ náà, bẹ́ ẹ bá rí adẹ́mu tí kì í bu omi sí i. Kòkòrò tó ń mú ọtí kan wà nínú ẹmu náà pẹ̀lú, nítorí náà irú ọtí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó dùn, ó kan díẹ̀, ó sún mọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ nínú ìgò, yíìsì bíà gíráàmù 11 ni kẹ́ ẹ lò. Bí kò bá sí, yíìsì búrẹ́dì gíráàmù 10.

Ẹ da omi ọkà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti òkè kó fọ́ yanyan, kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tá a fẹ́ afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ẹ fi ìwúkàrà sí i, ẹ dé e, ẹ lu ihò kan sí ìdérí, kẹ́ ẹ fi rọ́bà tín-ínrín ti ibẹ̀ bọ inú ìgò tí omi wà. Atẹ́gùn á máa jáde, kò sì ní sí èyí tó ń wọlé.

Ooru ni ọ̀tá yín. Bó bá ju 30 °C lọ, ọtí á máa rùn bí ọ̀dà èékánná, á sì fọ́ni lórí lọ́jọ́ kejì. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú ọpọ́n omi, ẹ fi aṣọ tútù wé e kí ẹsẹ̀ aṣọ náà wà nínú omi. Nínú ọyẹ́, atẹ́gùn gbígbẹ máa ń fa omi ara aṣọ náà, ọtí á sì tutù gan-an. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni ká máa pọn ọtí yìí: ọkà tuntun ti dé, oòrùn ń sá a dáadáa, òru sì tutù. Ẹni tó bá fẹ́ fi máńgòrò sí i ní tirẹ̀ á dúró di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, á sì bá ooru jà. Kílò 2 ẹran máńgòrò, tẹ́ ẹ ti gbóná sí 75 °C fún ìṣẹ́jú 10, tẹ́ ẹ sì ti jẹ́ kó tutù, ni kẹ́ ẹ fi sí i lọ́jọ́ kẹrin.

Inú ìgò

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, híhó á ti dáwọ́ dúró. Bí haidirómítà bá sọ ohun kan náà fún ọjọ́ méjì tẹ̀léra, ní àyíká 1.010, ó ti tó. Ẹ sè gíráàmù 120 ṣúgà nínú ife omi kan, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó mọ́, kẹ́ ẹ fi rọ́bà fa ọtí sórí rẹ̀ láìru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sókè. Ẹ má fi ṣúgà kún un torí pé ẹ fẹ́ kó hó púpọ̀. Ìgò lè bú, èkúfọ́ rẹ̀ á sì fọ́n ká bí ọta ìbọn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìgò oníke tí wọ́n ta mínírà nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó bá le bí òkúta, ó ti ṣetán, ẹ gbé e sí ibi tútù. Ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ni.

Ọtí náà á ṣú díẹ̀, ìfófòó rẹ̀ kò ní pẹ́ lójú ife. Bí ti ọkà bàbà ṣe rí nìyẹn. Agbára rẹ̀ tó ìdá 4 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹni tó máa gun ọ̀kadà kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ẹ mu ún tán láàárín oṣù kan. Bẹ́ ẹ bá ní igbá fínfín láti Ọ̀yọ́, ẹ bu ú sínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ máa tà á nínú ìgò, NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ìgò àkọ́kọ́ tó dé ọjà.

Ẹ má da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì nù. Bẹ́ ẹ bá lo yíìsì inú páálí, ẹ bu ife kan sínú ìgò tẹ́ ẹ ti sè, ẹ dé e wọ́lọ́wọ́lọ́, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Yóò pọn lítà 20 mìíràn bẹ́ ẹ bá lò ó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó: bó bá ń rùn bíi búrẹ́dì, ó dáa; bó bá ń rùn bí omi ògì tó ti pẹ́, ẹ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ ra tuntun.